Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Sẹ́ Ìrìn Àjò Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀jọ́, iṣẹ́ mi lọ́sàn-án ni kí n máa lé adìyẹ kúrò nídìí àgbọn tí a sá sóòrùn. Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò kakí gòkè láti etí omi, tó ń béèrè ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wá físà láti lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà náà, a kì í sọ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ síta títí tí ọkọ̀ yóò fi gbéra, kí aráyé má baà dí i lọ́wọ́. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti fà wá létí pé a ò gbọdọ̀ gbin. Bàbá mi wà lóko lọ́nà Ìbà lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi sì wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó.

Ọkùnrin náà kí Ìyá Àgbà dáadáa, ó wá béèrè bóyá ibẹ̀ ni ilé ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé ní Amẹ́ríkà.

"Amẹ́ríkà kẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń lọ ibì kankan nílé yìí o. Òkokomáíkò tó wà nítòsí wa níbí pàápàá jìnnà lójú wa."

Ó bu omi fún un mu, ó sì sìn ín dójú ọ̀nà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Àgbà ń yọ̀. "Ẹnì kan wá fimú fínlẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ rẹ. Mo ti dá a padà!"

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ọ́fíìsì tó ń fúnni ní físà ló rán ọkùnrin náà, láti mọ̀ bóyá ará ilé mọ̀ sí ìrìn àjò òun. Bí a bá ní a ò mọ̀, irọ́ ni wọn yóò pe gbogbo ohun tí òun ti sọ fún wọn. Ìyá Àgbà ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ró aṣọ òkè rẹ̀, ó mú mi dání, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Èrò kún ọ́fíìsì náà. Ọkùnrin tó wá sílé wa ló jókòó nídìí tábìlì. Ìyá Àgbà gbóhùn sókè, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ níbẹ̀:

"Ọmọ wa ń lọ sí Amẹ́ríkà! Èmi ni mo sẹ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kí ló wá dé tí ẹ fi sẹ́, Ìyá?"

"Ọmọ mi, adìyẹ tó ń sàba kì í pe àṣá wá wo ẹyin."

"Ṣé èmi wá ni àṣá?"

"N ò tíì mọ̀. Ó dọwọ́ ohun tí o bá kọ síwèé."

Ire ló kọ. Ẹ̀gbọ́n mi lọ. Kó tó padà dé, Ìyá Àgbà ti re ibi àgbà ń rè.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ní Ìyànà-Ìbà lónìí, ẹ ó bá àwọn ọ̀dọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé físà wọn lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹni tó dúró lẹ́yìn wọn ń kà á pẹ̀lú wọn. Kò sẹ́ni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi nítorí rẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin mi náà ń wá físà báyìí, mo sì sọ ìtàn yìí fún un láàárọ̀ yìí bó ṣe ń múra àtijáde. Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó rẹ ohùn sílẹ̀:

"Màmá, ẹ má sọ fẹ́nì kankan o. Ṣùgbọ́n tí ọ́fíìsì bá pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sẹ́ mi."