Àpótí géèmù tí Bàbá rò pé tàwọn ni

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ná: èmi ni mo jẹ̀bi. Kwame káfíńtà kọ́ o. Bàbá kọ́. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa, òun ló sì fa gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo fídíò mi, ẹ mọ̀ pé mò ń kan àpótí géèmù nílé wa ní Asawase, ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, irú èyí tó ga bí èèyàn, tó ní tẹlifíṣọ̀n lójú àti bọ́tìnì níwájú, téèyàn máa ń dúró tẹ̀. Apá kìíní lọ dáadáa. Apá kejì ló kó mi sí wàhálà.

Mo fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kí àpótí náà ga tó. Ó yẹ kí n wọn ara mi, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló máa di fóònù mú? Bàbá, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, ga bákan náà pẹ̀lú mi, wọ́n sì ti sùn lọ sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ni mo bá fa tépù yọ, mo wọ̀n wọ́n láti gìgísẹ̀ dé èjìká, mò ń sọ nọ́ńbà wúyẹ́wúyẹ́ sí kámẹ́rà. Ẹ̀rín ń pa mí.

Bàbá la ojú kan. Wọ́n béèrè ohun tí mò ń wọ̀n. Mo ní àpótí ni. Wọ́n ní ti ta?

Ẹ wò ó, Bàbá kórìíra géèmù. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ mi rí nítorí ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo ní, "Tiyín ni, Bàbá. Tó bá parí, ẹ máa rí i."

Wọ́n pa ojú yẹn dé padà. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́jọ́ kejì, Kwame kó pláíwúùdù wá. A kàn án, a tẹ́ ẹ gbalaja sórí bẹ́ǹṣì méjì láàárín agbo ilé, a kùn ún ní dúdú, a fi pupa sí etí ẹ̀. Lójú mi, ó rẹwà. Ẹ̀yin ará Kumasi, ṣé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín? Dúdú àti pupa! Àwọ̀ tí gbogbo ìlú yìí máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú lọ́jọ́ Sátidé!

Bàbá ti mọ́sáláṣí dé, wọ́n yí àpótí náà ká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bi Kwame pé ta ló ni ín. Mo sì ti kìlọ̀ fún Kwame pé kó má tú àṣírí mi o! Ló bá dá Bàbá lóhùn ní Twi, "Nana, ɛyɛ wo dea," pé tiwọn ni.

Bàbá ní, "Yoo." Wọ́n wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìwà wọn ti yí padà. Wọ́n gbé rédíò wọn fún Àǹtí Memuna tá a jọ ń gbé nínú agbo ilé. Wọ́n ń tọrọ àforíjì kiri àdúgbò. Wọ́n tiẹ̀ yà sílé Alhaji Sule, ẹni tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlá nítorí àgùntàn Alhaji tó jẹ ẹ̀wà tí Bàbá sá sóòrùn, wọ́n ní àwọn ti dárí jì í. Gbogbo ilé ń sọ pé Bàbá ti rọ̀, pé Ọlọ́run tóbi. Èmi ńkọ́? Mò ń ya fídíò apá kẹta!

Lọ́jọ́ kẹrin, mo wọnú àpótí náà lọ so wáyà. Mo dùbúlẹ̀, pátákó iwájú bò mí lórí, fóònù ń ya mí ní fídíò. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá. Wọ́n ti mú Alhaji Sule àti lémọ́mù wá pé kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó rí mi. Bàbá ní:

"Mùsùlùmí ni mí. Aṣọ funfun mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí gbé mi sínú àpótí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Bẹ ta? Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà? Mo ti pátákó yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dìde jókòó, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú..."

Lémọ́mù ti dé títì. Bàtà wọn kan ṣì wà nílé wa. Alhaji di Bàbá mú, Bàbá di Alhaji mú, àwọn méjèèjì jọ ń ké "Lá iláha ilalláhu" pọ̀.

A gbé àpótí dìde, mo fi iná sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kín-ín-kín-ín. Bàbá wò ó títí. Wọn ò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí! Wọ́n kàn ní àwọn ò rí oorun sùn láti ọjọ́ náà, pé àwọn ń ronú kí làwọn fi ṣẹ̀ mí tí mo fi ń kánjú àtisin àwọn.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo pa fídíò ibi tí mo ti ń wọ̀n wọ́n rẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi rí apá kejì mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí àgbà bá bi yín léèrè, ẹ sọ òótọ́, kódà bí wọ́n máa gba fóònù yín. Ṣé irọ́ kékeré ti di ńlá mọ́ ẹ̀yin náà lọ́wọ́ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Ní tèmi, gbèsè kan ṣì wà lọ́rùn mi. Àràárọ̀ ni Alhaji Sule ń wá báyìí, tí wọ́n ń mu ẹ̀kọ kókó Bàbá, tí wọ́n ń jẹ àkàrà kóósé Bàbá, tí wọ́n sì ń ròyìn àgùntàn wọn. Bàbá ò lè lé wọn, torí àforíjì ti ṣẹlẹ̀ lójú èèyàn. Lánàá, Bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìjà ọdún mọ́kànlá lo gbà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì jà á tán. Lọ bá mi wá a wá."

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ìjà wọn làwọn fẹ́.