Ulé tí mo fi bírò pupa fagi lé

Nígbà ọ̀wọ́n epo yẹn, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, bí mo bá sì débẹ̀, ara mi kì í balẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń kà kò kárí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo wá rí ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí tíṣà ti lè to àwòrán síbẹ̀, kí ọmọ tẹ orúkọ ohun tó wà nínú àwòrán, kí ẹ̀rọ sì sọ bóyá ó gbà á. Mo to àwòrán ilé àti igi.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń rìn síwá sẹ́yìn nínú kíláàsì, mo ń na fóònù sójú fèrèsé nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó rí ilé, ó tẹ "ule." Àmì pupa yọ. Ó rí igi, ó tẹ "ugi." Pupa tún yọ.

Inú bí mi. "Ẹ̀rọ radaràda! Ṣé kì í ṣe bí àwa ará Àkúrẹ́ ṣe ń pè é nìyẹn?"

Ọmọ náà wò mí. "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin náà máa ń fi bírò pupa fagi lé e nínú ìwé wa."

Èmi fúnra mi ni mo kúkú kọ ìdáhùn sínú ẹ̀rọ náà. Mo ń wá ibi tí màá ti tún un ṣe ni ìyá mi pè sórí fóònù náà, wọ́n ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wá sí ulé.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ilé, Màámi. Ilé."