Ẹni Tó Di Ọwọ́ Òsì Mi Mú

Wọ́n ní ká sọ ohun tí ojú wa rí. Tèmi, ojú mi ò rí nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló rí i. Bí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ dúró ná kí n sọ ọ́ tán.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni. Mò ń fọ́ kókó lóko wa ní Aládé, àdá yẹ̀, ó ṣá mi lọ́rùn ọwọ́ òsì. Egbò jiná, àmọ́ ọwọ́ kú. Mo lè fi gbé nǹkan o, ṣùgbọ́n bí iná bá jó o, àfi kí n gbóòórùn rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo jókòó tì í ní ọsibítù, mò ń fi ọ̀tún fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, ó di òsì mi mú. Mo rò pé ó sùn ni. Mò ń sọ fún un pé kókó ọdún yìí á dáa. Nọ́ọ̀sì ló wá sọ fún mi pé ó ti ṣe díẹ̀ tó ti lọ.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ ìgbà tó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju ikú náà lọ.

Lọ́dún kejì, dókítà kan, ọmọ Ìdànrè tó kàwé lókè òkun, gbé ẹ̀rọ kan wálé, kò ju rédíò kékeré lọ. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí pé à ń la ara. Á lẹ rọ́bà méjì tó ní wáyà mọ́ èèyàn lápá, iná díẹ̀ á gba ibẹ̀ kan iṣan, ọwọ́ tó ti kú á tún máa mọ nǹkan. Ó ní bí èèrà tó ń rìn ló máa rí.

Ọ̀sán gangan ni mo lọ bá a o, èmi àti òun nìkan la wà nínú yàrá. Bó ṣe lẹ rọ́bà kejì tán, ọwọ́ kan bọ́ sínú òsì mi.

Kì í ṣe èèrà. Àtẹ́lẹwọ́ ni, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó yi bíi ti obìnrin tó ti sá kókó títí. Ó dì mí mú pinpin. Mo wo ọwọ́ mi, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Mo rọra béèrè pé, "Dókítà, ta ló dì mí lọ́wọ́ mú?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì tan ẹ̀rọ yìí o."

Kí n tó sọ pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti tàn án, bóyá kí ọkàn tirẹ̀ náà lè balẹ̀.

Èèrà dé lóòótọ́. Wọ́n bo gbogbo ọwọ́ mi, mo sì ń mọ̀ ọ́n bí àwọn ìka wọ̀nyẹn ṣe ń tú kúrò lára tèmi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà bi mí bóyá mo ti ń mọ nǹkan. Mo fi orí dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, omijé ń bọ́. Ó rò pé ayọ̀ ni, ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọwọ́ ti jí.

Ó ránṣẹ́ sí mi títí, mi ò padà lọ. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ìyàwó mi ló fi mí sílẹ̀ ni, àbí iná ẹ̀rọ yẹn ló lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọwọ́ tí ẹ mọ̀ bá dì yín mú lọ́jọ́ kan tí ẹ ò rí ẹni tó ni ín, ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Ẹ dákẹ́, kí ẹ di ọwọ́ náà mú.