Ẹsẹ̀ Tó Ń Rìn Lábẹ́ Ẹ̀rọ

Àgbọ̀nrín ni wọ́n ń pe obìnrin télọ̀ yìí. Ẹni tó bá rí i lórí àga rẹ̀ yóò rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Obìnrin tó sanra, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ alátẹ̀sẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, tó jẹ́ pé bí síṣọ́ọ̀sì bá jábọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oníbàárà ló máa bá a mú un: níbo ni àgbọ̀nrín ti jọ èyí? Ṣùgbọ́n orúkọ náà kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó wà nílé ìwé, kò sí akọ, kò sí abo, tó lè bá a sáré dé òpin pápá. Olùkọ́ tó ń darí eré ìdárayá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì mú un mọ́ àwọn tó máa lọ síbi ìdíje ńlá. Ọ̀sẹ̀ tí wọn ì bá gbéra gan-an ni ìyá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ṣubú, tí apá rẹ̀ kán. Ìyá ní, “Eré sísá kò lè kún ìkòkò. Wá jókòó síbí.” Ó jókòó. Ọmọ mìíràn ló lọ, ó gba mẹ́dà bọ̀, wọ́n sì ń gbé e sórí èjìká kiri àdúgbò. Àgbọ̀nrín ń ran bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù lọ́jọ́ náà, ó gbọ́ ariwo wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá, kò gbójú sókè. Nígbà tó yá, apá ìyá rẹ̀ san. Kò sí ẹni tó ní kó dìde.

Báyìí ló ṣe jókòó di àgbà. Ó lọ́kọ, ọkọ kú. Ó bímọ, ọmọ lọ sí ìlú òkèèrè. Àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù nítòsí, òun ló ń ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù tó fara kan tirẹ̀, ẹnu àbúrò yìí kì í sì í sinmi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde kẹ́ ẹ nasẹ̀ díẹ̀. Àbí ẹ ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú àga yẹn ni?” Àgbọ̀nrín a ní, “Àga yìí ò sọ̀rọ̀ tó ẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti yunifásítì ló wá kó ìwádìí dé àdúgbò wọn. Òun àtàwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ mọ bí àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń rìn tó lójúmọ́, àti ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ìlera wọn. Ọmọ dáadáa ni, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbàlagbà, kì í jágbe mọ́ èèyàn. Ó so ohun dúdú kékeré kan, tó dà bí aago tí kò lójú, mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ obìnrin kọ̀ọ̀kan. “Gbogbo ìgbésẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé ló ń kà, Mà. Ẹ má bọ́ ọ, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀.” Ó kúnlẹ̀ so ó mọ́ ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín nígbà tí ẹsẹ̀ náà wà lórí irin tó fi ń tẹ ẹ̀rọ. Ó rí irin, ó rí ẹsẹ̀, kò sì bi í ní ìbéèrè kan nípa méjèèjì.

Nígbà tó padà wá wo ohun tí aago náà kà, ó pariwo. “Màmá! Níbo lẹ̀ ń rìn lọ gan-an? Ẹ̀yin lẹ borí gbogbo àdúgbò!” Ẹ wo ọ̀rọ̀! Obìnrin tó ń kiri omi tútù, tó ń fẹsẹ̀ la gbogbo òpópónà já nínú oòrùn, ẹ̀yìn ló wà. Àgbọ̀nrín rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé òun kò rìn kọjá ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ náà sì yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn débi pé ojú tì í. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ pé ó borí nínú ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bàjẹ́, tí alátùn-únṣe gbé e lọ. Àgbọ̀nrín ní kí òun fi àyè náà rìn dáadáa, kí òun lè borí pátápátá. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé, ojú rẹ̀ fà ro. “Ṣé ara yín ò yá ni, Màmá? Ó já wálẹ̀ gan-an.” Ibẹ̀ ló ti yé Àgbọ̀nrín. Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìrìn yàtọ̀ sí títẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń bá a rin gbogbo ìrìn náà.

Ó la ẹnu láti sọ ọ́. “Ọmọ mi, ẹ̀rọ mi...”

“Ẹ má ronú, Màmá. Ẹ ó padà borí. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé ẹ̀yin la máa fún ní mẹ́dà tá a fẹ́ fún ẹni tó bá rìn jù.”

Gbólóhùn kan péré ló kù kí Àgbọ̀nrín sọ, ó sì gbé e mì.

Láti ọjọ́ yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe dé, tí iṣẹ́ bá ti parí, tí kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́, yóò yọ òwú, yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ lófìfo. Gìrì-gìrì, gìrì-gìrì. Àbúrò rẹ̀ yọjú. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń rán?”

“Afẹ́fẹ́ ni mò ń rán. Ṣé wàá rà níbẹ̀?”

Irin ẹ̀rọ náà ní etí kan tó ti jẹ, tó sì mú. Etí yìí ló ń ha á ní àtẹ́lẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì mọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà ti ń kú tipiri. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, ó ń lọ tọ̀ ṣáá, ó ní ooru ni. Ọjọ́ tó yí àtẹ́lẹsẹ̀ náà sókè tó rí egbò, ó wò ó bí ẹni ń wo ohun onílé mìíràn. Kò dùn ún rárá. Ta ló ń tọ́jú ohun tí kò dun ni? Àkísà kò sì wọ́n télọ̀, ó fi dì í, ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí irin. Bó bá lọ fi han dókítà, dókítà yóò ní kó sinmi, bó bá sì sinmi, obìnrin olómi tútù yóò gba mẹ́dà. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó irú ìyẹn láyé ẹni. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ó rán yẹ̀rì tó gùn délẹ̀ fún ara rẹ̀, ó wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n yẹ̀rì kì í bo òórùn. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń rùn níbí?”

“Èkúté ló kú sábẹ́ ẹ̀rọ.”

“Ẹ jẹ́ n gbé e jáde nígbà náà.”

“Máa lọ ta búrẹ́dì ẹ, jọ̀ọ́.”

Ọjọ́ ìparí ìwádìí pé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n pe gbogbo wọn sí, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì wá, pé kó yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹsẹ̀ àwọn tí kì í rìn tó wò, nítorí àwọn ni àìsàn lè máa ṣe. Àbúrò rẹ̀ tì í síwájú. Nọ́ọ̀sì ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ti na ọwọ́ sí bàtà rẹ̀, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sáré dé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. “Ẹ̀yin kọ́, Màmá! Nọ́ọ̀sì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹsẹ̀ yìí ló le jù ní gbogbo àdúgbò.”

Nọ́ọ̀sì wo ojú Àgbọ̀nrín. “Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín, Mà?”

Ká ní ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá wà lára rẹ̀ lónìí. Ẹ̀rù bà á, ó sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó tún rí mẹ́dà náà lórí tábìlì, pẹ̀lú okùn pupa rẹ̀. “Kò sí,” ló wí. Wọ́n mú un lọ jókòó níwájú, wọ́n fi mẹ́dà kọ́ ọ lọ́rùn, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan pa èkejì mọ́ sábẹ́ àga.

Kò pẹ́ tí ibà fi gbé e ṣánlẹ̀ láàárín àkísà. Àbúrò rẹ̀ àti obìnrin olómi tútù ni wọ́n jọ gbé e dé ilé ìwòsàn. Àtọ̀gbẹ ni, ó ti ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ tipẹ́tipẹ́, egbò náà sì ti wọ egungun. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè rí i, oògùn ì bá wò ó sàn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Àbúrò rẹ̀ kò tiẹ̀ sunkún, ìbínú kò jẹ́. “Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan bàtà yín! Ẹ jókòó síwájú, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín!”

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọ́, ó wá, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ pọ́n. Àgbọ̀nrín wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi nǹkan kan pa mọ́: irin ẹ̀rọ, títẹ̀ lófìfo, yẹ̀rì, gbogbo rẹ̀. “Kì í ṣe ìrìn, ọmọ mi. Yọ tèmi kúrò nínú ìwé yín.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mi orí. “Ìwé ti jáde, Màmá. A ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn télọ̀ ò sí lára àwọn tó yẹ kí nọ́ọ̀sì máa yẹ ẹsẹ̀ wọn wò.”

“Ẹ yọ tèmi, kẹ́ ẹ tún un kọ.”

“Kò ṣeé yọ. A ti pa orúkọ gbogbo yín rẹ́, kí àṣírí yín má bàa tú. Èmi gan-an ò mọ èyí tó jẹ́ tiyín mọ́.”

“Èmi mọ̀ ọ́n,” ni Àgbọ̀nrín wí, ó sì gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. “Èyí tó ga jù lọ nínú gbogbo wọn, tèmi ni.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ayọ̀ tó wà nínú ohùn ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, tó gbé búrẹ́dì wá kí i, náà gbọ́ ọ. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì rẹ̀, ó jáde.