Gálílì Orí Afárá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ohun tó ń bí mi nínú bíi kí ẹnì kan sọ pé mi ò ní ìkejì. Táíwò ni mí, Monrovia ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ọmọdé níbẹ̀ lẹ́yìn ogun, ẹ ó rántí bí ìlú ṣe rí. Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ ń ké nílé àwọn olówó, àwa yòókù sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì to ìlà nídìí omi láàárọ̀ kùtù, à ń jà, à ń bú ara wa, ká tó lọ sílé ìwé. Sinkor là ń gbé. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, màmá mi ń ta aṣọ.

Yorùbá là ń sọ nínú ilé. Tá a bá ti fẹsẹ̀ kan ìta, ó di gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Làìbéríà, èyí tí wọ́n máa ń gbé ìdí ọ̀rọ̀ mì bí ẹni pé ebi ń pa wọ́n. Oúnjẹ wọn náà di tiwa. Màmá mi kọ́kọ́ fárígá nípa ewé ẹ̀gẹ́. Ó ní, "Ewé tí ewúrẹ́ ń jẹ l'Ábẹ́òkúta, òun lẹ ní kí n fi jẹ ìrẹsì? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ọjọ́ tí aládùúgbò wa bu díẹ̀ fún un, tí epo pupa àti ẹja gbígbẹ wà nínú ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó ń gún ewé náà lódó fúnra ẹ̀.

Eré wa ni náfù, èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pè ní tẹ́ń-tẹ́ń, àtẹ́wọ́ lọ́wọ́ òkè, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyà wa ní ilé ìwé ni pọ́m̀pù táyà: wàá fi ọwọ́ di etí méjèèjì mú, wàá máa lóṣòó, wàá máa dìde, títí itan á fi máa gbọ̀n. Èmi jẹ ẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹnu mi ò gbélé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé. Méjì-méjì ni màmá mi ń ra nǹkan. Bí ó bá ra bàtà fún mi, yóò ra èkejì. Bí ó bá dá aṣọ ọdún, méjì ni. Wọ́n ní Kẹ́hìndé wà l'Ábẹ́òkúta lọ́dọ̀ ìyá màmá mi látìgbà ogun, tirẹ̀ á sì wọ inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n á fi rí ẹni tó ń relé. Lóṣooṣù, màmá mi a se ẹ̀wà, a pe àwọn ọmọ àdúgbò jọ, wọ́n á jẹ, wọ́n á sì ṣàdúrà fún àwa méjèèjì. Fọ́tò wa wà lára ògiri pálọ̀: ọmọdébìnrin méjì nínú aṣọ yẹ́lò, tábìlì kékeré tí wọ́n to òdòdó oníke sí láàárín wọn, kálukú gbé ọwọ́ kan lé tábìlì. Mo máa ń kí i láàárọ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o.

Màmá mi ti ṣèlérí pé tí mo bá pé ọdún mọ́kànlá, Kẹ́hìndé á dé ká jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé girama. Oṣù mẹ́rin péré ló kù. Mo ti ń sùn sí etí bẹ́ẹ̀dì kí ó lè mọ́ mi lára. Mo ti sọ fún gbogbo ọmọ Sunday School, Bísí, ọmọ dókítà, nìkan ló fẹ́ ba ayé mi jẹ́. Ó ní, "Irọ́ lò ń pa. Ìkejì ẹ wo ni kì í pè? Ṣé kò sí fóònù l'Ábẹ́òkúta ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Lóòótọ́, mi ò bá Kẹ́hìndé sọ̀rọ̀ rí lórí fóònù. Tí mo bá béèrè, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, tàbí ó ti sùn. Mo pinnu pé màá fi fọ́tò yẹn sé Bísí lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ mọ Gálílì, ìgbádùn ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde. Etí òkun la máa ń lọ. Lọ́dún yẹn, Bàbá Fọ́tò bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ mú àwa ọmọ lọ sórí afárá tó so ọjà Waterside mọ́ erékùṣù Bushrod, níbi tí ìjà ti le jù nígbà ogun. Ará Ìjẹ̀bú ni Bàbá Fọ́tò. Wọ́n ti ń ya fọ́tò ní Waterside kí ogun tó dé, wọn ò sì sá lọ nígbà tó dé. Wọ́n ní, "Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ àwọn ọmọ yìí ní ẹ̀yìn wíwò." Bí màmá mi ṣe gbọ́ ọ, ó ní òun ò ní lè tẹ̀ lé wa, orí ń fọ́ òun. Ó sì fẹ́ dá mi dúró sílé, ṣùgbọ́n mo sunkún títí bàbá mi fi ní kó fi mí sílẹ̀. Mo yọ fọ́tò náà lára ògiri, mo fi aṣọ wé e, mo tì í sínú àpò tí mo gbé ike ìrẹsì mi sí.

Ọ̀sán gangan la débẹ̀. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, ọmọlanke ń pariwo pé ká yà fún òun. Ojú ihò ọta ìbọn ṣì wà lára òpó àti irin afárá. Mo ti ìka mi bọ ọ̀kan, ó wọlé dé oríkèé. Bàbá Fọ́tò kó àwọn fọ́tò wọn jáde látinú àpòòwé ńlá, wọ́n ní ká dúró níbi tí àwọn dúró sí nígbà tí àwọn yà á. Ẹ gbà mí o! Irin kan náà, òpó kan náà, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, kò sí ọmọlanke kankan. Èèpo ọta ìbọn bo ilẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà, bàtà ẹsẹ̀ kan-ẹsẹ̀ kan wà káàkiri, àwọn kan sì sùn sílẹ̀ tí kì í ṣe oorun. Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé orí ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Mo yára ṣí ẹsẹ̀ mi kúrò.

Wọ́n tún gbé ìwé àtijọ́ kan jáde, tí àwòrán ogun òkè òkun wà nínú ẹ̀, látìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé kámẹ́rà lọ sójú ogun. Wọ́n ní kámẹ́rà ìgbà náà tóbi tó àpótí aṣọ, ẹṣin ló ń fà á, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yà ò sì gbọdọ̀ mira. Ẹni tó bá ń sáré, kámẹ́rà ò ní rí i. Bí èéfín ló máa hàn. "Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkú ló pọ̀ nínú ẹ̀," ni Bàbá wí. "Òkú nìkan ni kì í mira." Wọ́n ní àwọn ayàwòrán mìíràn tiẹ̀ máa ń gbé òkú láti ibì kan síbòmíràn kí àwòrán wọn lè dùn ún wò. A wo ara wa lójú. Kò sẹ́ni tó rántí ìrẹsì mọ́.

Bóyá nítorí kí ara wa lè balẹ̀ ni wọ́n ṣe fi àwàdà sí i. Wọ́n yọ fọ́tò ara wọn kan: Bàbá Fọ́tò jókòó, Bàbá Fọ́tò kejì ń bu tíì fún un. A bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí oògùn níbẹ̀. Wọ́n á fi páálí dúdú bo ìlàjì ojú kámẹ́rà, wọ́n á ya ẹni náà lápá òsì. Wọ́n á bo ìlàjì kejì, ẹni náà á bọ́ sápá ọ̀tún, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnì kan á di méjì. "Nítorí náà, ẹ má kàn gba fọ́tò gbọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ wò ó fínnífínní."

Èmi náà rò pé àkókò tó. Mo tú aṣọ, mo na fọ́tò sí Bísí: "Òun nìyí! Kẹ́hìndé mi! Wò ó dáadáa!"

Bísí gbà á. Ó wò ó. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún wò ó, ohùn ẹ̀ sì rọlẹ̀ lọ́nà tí mi ò gbọ́ rí. Ó ní, "Táíwò, àwọn méjèèjì ló lẹ plásítà mọ́ orókún. Orókún òsì. Bàtà kan náà ló tú lẹ́sẹ̀ wọn."

Mo já a gbà. Láràárọ̀ ni mò ń wo fọ́tò yẹn, mi ò rí i rí. Plásítà méjì, ibì kan náà, ó wọ́ díẹ̀ bákan náà. Bàtà òsì, ìdè rẹ̀ tú bákan náà. Orókún òsì tèmi, àpá ṣì wà níbẹ̀ títí dòní olónìí. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí mo ti rò pé àlá ni: ẹnì kan fún mi ní bisikíìtì, ó ní n má mira, lẹ́yìn náà, ó ní n bọ́ sí òdìkejì tábìlì, n tún rẹ́rìn-ín.

Mo wo Bàbá Fọ́tò. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá gbé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, mi ò ní gbàgbé ojú wọn. Wọ́n fìdí lélẹ̀ lẹ́bàá afárá, àgbàlagbà, nínú aṣọ Àjíǹde wọn. "Ta ló ní kí o gbé e wá síbí?" ni wọ́n ń wí ṣáá. "Síbí gan-an?"

Wọ́n fi àwọn ọmọ yòókù sílẹ̀ fún tíṣà wa, wọ́n fi takisí gbé mi padà sí Sinkor. Mo ti ń ronú pé pọ́m̀pù táyà tí màá jẹ lọ́jọ́ yẹn, ó lè gba ẹ̀mí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá mi rí ẹni tó mú mi bọ̀ àti ohun tó wà lọ́wọ́ mi, kò bá mi wí rárá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé mi lé itan, ọmọ ọdún mẹ́wàá odidi.

Ó ní Bushrod là ń gbé nígbà ogun. Ọjọ́ tí a máa sá kọjá sí ìgboro, bàbá mi ti ṣáájú pẹ̀lú ẹrù, òun sì gbé àwa méjèèjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. "Ẹ̀yìn lo wà," ni ó wí. "Ò ń ké pé o ò rí ojú mi. Kẹ́hìndé ní, 'Màmi, ẹ gbé Táíwò síwájú.' Ọmọ ọdún mẹ́ta! Ṣé o mọ̀ pé òun lẹ̀gbọ́n. Mo pààrọ̀ yín lẹ́sẹ̀ afárá. Ìbọn ń dún, mò ń sáré. Nígbà tí mo dé òdìkejì, mo tú ọ̀já..."

Kò parí ẹ̀. Kò sọ pé ó kú. Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ lójú ìbejì tó kù, kí òun náà má baà tẹ̀ lé e. Onígbàgbọ́ ni wá, wọn ò lè gbẹ́ ère ìbejì, ìdí nìyẹn tí màmá mi fi bẹ Bàbá Fọ́tò pé kí wọ́n bá òun ya Kẹ́hìndé lára mi. Mo jókòó sórí itan ẹ̀, mi ò sunkún. Èmi ni mo ké. Èmi ni wọ́n gbé síwájú.

Nígbà tiwa, òbí máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọmọ, wọ́n gbà pé ìfẹ́ ni, mi ò sì lè pè é ní ìkà. Fọ́tò kan ṣoṣo là ń gbé kọ́ ògiri, a sì ń gba ohun tó bá sọ gbọ́. Lónìí, ọmọ ọdún márùn-ún ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù sọ ojú èèyàn di ojú ológbò. Paynesville ni mò ń gbé báyìí pẹ̀lú ọkọ mi àti Ìfẹ́, ọmọ wa. Fọ́tò Ìfẹ́ nínú fóònù mi ò níye. Kẹ́hìndé ò ní ẹyọ kan, tòun tìkára ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, a gba orí afárá yẹn kọjá, Ìfẹ́ ní ká dúró ya fọ́tò nítorí omi tó ń dán nísàlẹ̀. Bí mo ṣe gbé fóònù sókè, ó béèrè, "Mọ́mì, ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ní?" Mo fẹ́ sọ pé ó wà l'Ábẹ́òkúta. Ó ti dé ètè mi. Kí n tó mọ̀, mo ti ní, "Mo ní. Kẹ́hìndé lorúkọ ẹ̀. Ó kú. Orí afárá yìí ló kú sí." Ẹ̀rù ohùn ara mi bà mí, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí nínú ẹbí wa.

Ìfẹ́ fi ọwọ́ kékeré ẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì." Látìgbà tí mo ti dáyé, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi kẹ́dùn.