Onígbọ̀wọ́ Igi Agbálùmọ̀

Ọrùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi pé oṣù ti yí. Igi wíwò niṣẹ́ tí mo ń ṣe nílùú Libreville yìí. Lóṣooṣù ni mo máa ń wọ inú igbó tó wà lẹ́yìn ìlú, màá gbé orí sókè, màá gbé awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni sójú, màá wo igi kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ èyí tó ń tanná, èyí tó ń so àti èyí tó ń wọ́wé. Bí mo bá délé, ìyàwó mi á fi ìpara gbígbóná ra ọrùn mi, á ní, "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń wolẹ̀, wọ́n ń rí nǹkan he, ìwọ ń wòkè." Màá kàn tẹ orí ba fún un. Ó ti máa ń rẹ̀ mí jù.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Oṣù kẹfà ni, ojú ọ̀run ṣú dùdù, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ wá láti etí òkun. Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo mọ oṣù kẹfà sí oṣù òjò, mo ra agbòjò ní àdúgbò Sotega, mo ń gbé e kiri. Ọ̀sẹ̀ lọ, oṣù lọ, ẹ̀kán òjò kan ò bọ́. Àwọn tí a jọ ń wọ takisí á wò mí, wọ́n á wo agbòjò, wọ́n á wojú ara wọn. Àṣé ẹ̀ẹ̀rùn ni! Ẹ̀ẹ̀rùn ilé wa, oòrùn ni, àti ọyẹ́ tó ń la ètè. Ẹ̀ẹ̀rùn tibí, ìkùukùu ni láti àárọ̀ dalẹ́. Oòrùn ò ní yọjú, òjò ò sì ní rọ̀. Mo kàwé nípa igi àti ojú ọjọ́ títí irun orí mi fi ń re, síbẹ̀ agbòjò ni mo gbé wọ ẹ̀ẹ̀rùn.

Agbòjò náà ló mú mi mọ ìyá aránṣọ kan nínú ìjọ wa ní Nzeng-Ayong. Bí wọ́n ṣe rí mi lẹ́nu géètì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ wa tuntun! Gbé e pa mọ́ di oṣù kẹsàn-án." Nígbà tí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ mi, wọ́n sọ mí ní Dókítà Igi, wọ́n sì mú mi lọ wo igi kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n háyà. Agbálùmọ̀ ni. Kóró tí wọ́n tu sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé ìlú yìí pẹ̀lú ọkọ wọn ló hù. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ ti bímọ, igi ti ga ju òrùlé lọ, kò so rí. Ọmọ wọn obìnrin fẹ́ mú wọn padà sílé pátápátá. Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ fi àgàn sílẹ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀."

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń bi mí, "Dókítà Igi, ìgbà wo?" Mo ṣàlàyé pé àwọn igi kan wà tó jẹ́ pé òtútù ló ń jí òdòdó wọn, pé ẹ̀ẹ̀rùn ibí ò sì tutù mọ́ bíi ti ìgbà tí mo dé. Ìyá á mi orí. "Ìwé lò ń kà sí mi létí. Èso ni mo bi ọ́."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ìkùukùu, onílé gbé àdá dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ìyá pè mí, mo sì wọ takisí láti ilé mi ní Plaine Orety. Mo bá ìyá níwájú igi, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì dí i.

"Sọ fún Papá onílé yìí kó má tíì gé e. Kó kọ́kọ́ bá a wí. Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe lóko nìyẹn. Kó fi àdá lù ú, kó bi í bóyá yóò so."

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Mo rò pé onílé á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọmọ abúlé lòun náà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ àdá lu igi náà, ó ní, "Ìwọ igi yìí, o kàn ń jẹ ilẹ̀ mi lásán. Ṣé wàá so ni, àbí kí n gé ọ?"

Ìyá fi ìgúnpá gún mi. "Dá a lóhùn! Igi ò lẹ́nu, onígbọ̀wọ́ ló ń gbẹnu sọ fún un. Èmi ni mo ni ín, mi ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ ohun tí mo ni."

Báyìí ni èmi tí mo ka ìwé igi dé yunifásítì ṣe di igi mú lójú àwọn òṣìṣẹ́, tí mo ń bẹ̀bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má gé mi. Bó bá di àmọ́dún, màá so."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Onílé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ìkùukùu bá padà dé tí mi ò rí nǹkan kan, ìwọ fúnra rẹ lo máa gé e."

Ọdún yẹn rẹ̀ mí. Gbogbo igi inú igbó, mo kàn ń wò wọ́n ni. Èyí nìkan ni mo ń gbàdúrà fún. Òjò padà dé, ó rọ̀ títí ọ̀nà Nzeng-Ayong fi di odò, mo ń wọ́ ṣòkòtò nínú ẹrẹ̀ lọ wo igi. Ewé nìkan ni. Kí ìkùukùu tó dé, ọmọ wọn obìnrin wá mú ìyá lọ sílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àmọ́ ẹsẹ̀ ìyá wúwo lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé igi, wọ́n ní, "Má dójú ti onígbọ̀wọ́ rẹ o." Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Ìkùukùu dé, ó sì tutù lọ́dún náà. Onílé dúró, ó káwọ́ gbera. Mo gbé awò mi sójú. Lábẹ́ ewé, níbi tí ojú lásán ò lè tó, òdòdó wẹ́wẹ́ kún ẹ̀ka. Mo pariwo! Mo gbé awò fún onílé, òun náà wò ó pẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì igi náà ló padà kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí.

Nígbà tí ọdún yí, tí èso pọ́n, mo he ọ̀kan, mo là á, mo jẹ ẹ́. Mo wá pe ìyá.

"Ṣé ó so?"

"Ó so, mà."

"Ṣé ó dùn?"

Mo fẹ́ parọ́, n ò lè pa á. "Ó kan, mà. Ó kan mí léyín ni."

Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn lórí fóònù. "Ṣebí èyí tí mo gbé wá náà kan! Kí ló dé tí o rò pé mo tu ú dànù? Ọmọ mi, o ti gbọ̀wọ́ fún un, ó sì ti so. Lọ sinmi."

Ìkùukùu tún ti dé bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tutù tó ti ọdún yẹn. Onílé pè mí láàárọ̀: máńgòrò kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọ̀, kò so, ó ti gbé àdá jáde, èmi onígbọ̀wọ́ ló kù tí wọ́n ń retí. Mo ti ní kí ìyàwó mi bá mi gbé ìpara ọrùn sítòsí.