Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Akàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré létí ọ̀sà Àgbádárìgì níbí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti mọṣẹ́. Ọ̀gá ló ń sọ ọ́. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí àwọn olówó ń ti Ìjànìkin wá bá mi pé kí n kan tábìlì tó jọ ahun fún àwọn, ìwé mẹ́rin ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbọ́ èdè igi.

Mo ti lo ọdún márùn-ún ní Mowó nígbà tí ọ̀gá mi ní kí n dá kan àga kan. Bó bá dára, mo gba fírídọ̀ọ̀mù. Bí kò bá dára, ó tún di ọdún kan sí i. Bàbá mi ti kú, ìyá mi nìkan ló ń yan ẹja, ó ń retí mi nílé. Kò sówó pákó, mo bá lọ tú pákó ọkọ̀ ojú omi tí bàbá mi fi sílẹ̀, mo fi kan àga náà. Mo gbọ́n lójú ara mi. Mi ò mọ̀ pé igi tó ti mumi ọ̀sà látọdún gbọọrọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Oòrùn ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ́, kálukú kọjú síbi tó wù ú.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí. "Àga lo kàn ni, àbí akàn lo kó wá fún mi? Tí n bá bá a báyìí lọ́la, mú ìgbálẹ̀, kí o bá àwọn ọmọ tuntun bẹ̀rẹ̀."

Mo wo àga náà sùù. Mo ní ó dáa, kó máa jẹ́ akàn. Mo rẹ́ ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè dúró dọ́gba, mo gbẹ́ ọwọ́ akàn síbi tí èèyàn ń gbé apá lé, mo fi ojú méjì sókè ẹ̀yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọ̀gá mi, màmá arúgbó kan tó jẹ́ Ègùn, wá kí ọmọ wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti jókòó sórí rẹ̀. Kò dún, kò mì. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde kí òun lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Màmá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wá àga tìrẹ. Èyí ti mọ ìdí mi."

Ọ̀gá mi yíjú sí mi. "Lọ sọ fún ìyá ẹ kó mú ọjọ́ tá a máa tú ẹ sílẹ̀."

Ó ti pẹ́. Lónìí, ọmọ á kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta, á gbé pátákó orúkọ kọ́. Mi ò bá wọn jà, ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yìn ń ro mí. Àwọn tó ń ra iṣẹ́ mi á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á kan sáárá sí mi, wọ́n á gbé e lọ. Ó tọ́ sí mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ti kú. Bí mo bá parí iṣẹ́ kan nírọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó tì í, kò sì ku ẹnì kan tó lè wò ó kó sọ fún mi pé kò tíì dára.